Ohun tí Àgbàrá Òjò Ń Gbé Wọ Odò ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ńlá lórí ìmọ́tótó omi ní ọdún 1972, àwọn ilé iṣẹ́ àti omi ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi ìdọ̀tí odò rù. Ta ni yóò fura sí àgbàrá? Omi òjò ṣáà ni, láti ojú ọ̀run ni ó ti wá.

Ṣùgbọ́n àgbàrá kì í wọ odò lọ́wọ́ òfo. Àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ààbò àyíká gbé ìwádìí kan kalẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1983. Ibi 28 ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n bu omi ní ojú àgbàrá 81, òjò tí wọ́n ṣọ́ sì lé ní 2,300. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Omi tí ó kọ́kọ́ ṣàn sábà máa ń dọ̀tí ju èyí tí ó kẹ́yìn lọ. Ẹni tí ó bá bù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò tan ara rẹ̀ jẹ. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé òpin ni wọ́n ń bù ú, wọn a sì ṣírò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣàn omi ti pọ̀ tó, kí òjò kọ̀ọ̀kan lè ní iye kan ṣoṣo.

Wọ́n pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin: àdúgbò ibùgbé, àdúgbò ilé ìtajà, ibi tí méjèèjì dàpọ̀, àti ilẹ̀ gbalasa. Ó kéré tán, nínú 91 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí wọ́n yẹ̀ wò ni wọ́n ti rí òjé, bàbà àti síǹkì. Ẹnikẹ́ni ì bá lérò pé àdúgbò ilé ìtajà ni yóò burú jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye òjé tí ó bọ́ sí agbedeméjì jẹ́ 144 máíkrógíráàmù nínú lítà kan ní àdúgbò ibùgbé, 104 ní ti ilé ìtajà, 30 péré ní ilẹ̀ gbalasa. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí kò gbé ara lé ìyàtọ̀ ibùgbé àti ilé ìtajà, nítorí pé ní ojú kan náà, òjò kan lè yàtọ̀ sí èkejì jìnnà. Ilẹ̀ gbalasa nìkan ni ó yàtọ̀ gedegbe.

Ní ti òjé, èyí kò yà mí lẹ́nu. Inú bẹntiróòlù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, ọkọ̀ sì ń dé ilé bí ó ti ń dé ọjà.

Ní 1987 ni wọ́n tún òfin náà ṣe, tí ó fi di ọ̀ranyàn kí àwọn ìlú ńlá gba ìwé àṣẹ lórí àgbàrá wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹ́gun òjé ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú: láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń dín in kù nínú bẹntiróòlù, ní 1996 wọ́n sì fòfin dè é fún ọkọ̀ ojú títì. Nínú àkójọ tuntun tí Yunifásítì Alabama bẹ̀rẹ̀ ní 2001, òjé inú àgbàrá ti lọ sílẹ̀ dé bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Síǹkì kò bá a lọ. Ara táyà tí títì ń họ, àti ara páànù tí òjò ń fọ̀ lọ́dọọdún, ni ó ti ń wá, méjèèjì sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.