Bí Ìràwọ̀ Kábọ́ọ̀nù Ṣe Fi Títóbi Gálásì NGC 6822 Hàn

Ní ọdún 1868, Angelo Secchi, àlùfáà Jésúìtì tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìwòràwọ̀ ní Róòmù, ya àwọn ìràwọ̀ pupa kan sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí kẹrin. Nígbà tí ó la ìmọ́lẹ̀ wọn sí àwọ̀ òṣùmàrè, àmì kábọ́ọ̀nù, èròjà tí ó pọ̀ nínú èédú, ni ó rí níbẹ̀. Ìràwọ̀ tí ó ti ń darúgbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kábọ́ọ̀nù tí wọ́n sè nínú ikùn wọn ni ó ru sókè dé ojú wọn, títí tí ó fi borí ọ́síjìn.

Nínú àwọn gálásì kéékèèké tí kò ní ìrísí kan pàtó, ọ́síjìn kò tó nǹkan; nítorí náà, kábọ́ọ̀nù díẹ̀ ti tó láti borí rẹ̀. Victor Blanco, Betty Blanco àti Martin McCarthy fi èyí hàn ní ọdún 1978 láti Cerro Tololo ní orílẹ̀-èdè Ṣílè. Nínú Àwọsánmà Magellan Kékeré, ìràwọ̀ kábọ́ọ̀nù pọ̀ fíìfíì ju àwọn òmìrán pupa ọlọ́síjìn tí ó tutù jù lọ; ṣùgbọ́n ní àárín gálásì tiwa, agbára káká ni a fi ń rí wọn.

NGC 6822, tí ó jẹ́ irú gálásì kékeré bẹ́ẹ̀, jìnnà ju Àwọsánmà náà lọ. Barnard ni ó rí i ní ọdún 1884. Hubble sì fi hàn ní ọdún 1925 pé ẹ̀yìn òde gálásì wa ni ó wà. Láti la ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Nínú iṣẹ́ wọn ti ọdún 1986, asẹ́ ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin ni Kem Cook, Marc Aaronson àti John Norris lò: méjì ń ṣa ìràwọ̀ pupa, méjì yòókù ń ya ti kábọ́ọ̀nù kúrò lára ti ọ́síjìn, bí ẹlẹ́kọ ti ń fi asẹ́ ya eèrí kúrò lára ògì. Ìjàǹbá kan nínú ilé awò ní Kitt Peak ni ó pa Aaronson ní ọdún 1987.

Irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Bruno Letarte, Serge Demers àti àwọn akẹgbẹ́ wọn fi ka ìràwọ̀ kábọ́ọ̀nù 904 nínú NGC 6822, tí wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2002. Iye náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n wà ni ó ṣe pàtàkì jù. Wọ́n tàn ká kọjá ibi tí ojú ti rò pé gálásì náà parí sí. Níwọ̀n bí irú ìràwọ̀ yìí kò ti sí lára àwọn tí ọjọ́ orí wọn pọ̀ jù lọ, ó hàn pé etí gálásì náà kì í ṣe ibùgbé ìràwọ̀ àtayébáyé nìkan.

Kíkà náà kò pé ṣá. Ìràwọ̀ kábọ́ọ̀nù a máa tu eruku jáde, eruku náà a sì bo àwọn kan mọ́ asẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú. Ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú ènìyàn kò lè rí, ni a fi ń wá irú wọn. Awò James Webb ti ya NGC 6822 ní irú ìmọ́lẹ̀ yìí, a sì gbé àwọn àwòrán náà jáde ní ọdún 2023.