Òdòdó Tí Ó Ti Òkè Òkun Wá: Ìtàn Bougainvillea àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwa Ará Ìlú Àjò

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ìtàn ìlú tí a ti wá, ìtàn oyè àti ìtàn bí àwọn baba wa ṣe dé ìhín ni a sábà máa ń kà. Lọ́dún yìí, a fẹ́ sọ ìtàn àlejò mìíràn tí a jọ ń gbé ìlú yìí, tí ọ̀pọ̀ wa ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́ láìbéèrè ibi tí ó ti wá. Òun ni igi òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tí ó máa ń gun orí ògiri àti géètì, tí òdòdó rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà, tí òmíràn pupa, tí òmíràn ní àwọ̀ àlùkò, tí òmíràn sì funfun. Bougainvillea ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ òyìnbó yìí náà ni a ń pè é, kálukú bí ahọ́n rẹ̀ bá ṣe gbà á.

Ìlú rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé bougainvillea. Ibẹ̀ ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, ní Brazil, Peru, Bolivia àti Argentina. Síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àlejò, ó ní ẹbí láàárín àwọn ewéko tí àwa Yorùbá mọ̀ dáadáa. Ìdílé kan náà ni òun àti tannáposó, òdòdó tí ó máa ń tanná ní ìrọ̀lẹ́. Ètípọ́nọlá tí àwọn àgbà fi ń ṣe àgúnmu náà jẹ́ ìbátan rẹ̀.

Ohun kan wà lára rẹ̀ tí ó ń tan ojú jẹ. Èyí tí a ń pè ní òdòdó, tí ó pupa rẹ́súrẹ́sú, kì í ṣe òdòdó rárá; ewé ni. Bí a bá já ọ̀kan wò, a ó rí i pé ewé aláwọ̀ mẹ́ta ni ó para pọ̀, tí ohun kékeré kan bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ funfun, sì lẹ̀ mọ́ àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn ohun kékeré yẹn ni òdòdó gan-an. Ewé ni ó gba iyì, òdòdó ni ó ń ṣe iṣẹ́. Ìtàn bí òdòdó yìí ṣe gba orúkọ kò sì yàtọ̀ sí èyí.

Ìrìn àjò ọdún 1767

Ní ọdún 1766, ọba ilẹ̀ Faransé rán ọ̀gágun kan, Louis-Antoine de Bougainville, pé kí ó wa ọkọ̀ ojú omi yí gbogbo ayé ká. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n lò: La Boudeuse àti Étoile. Nínú Étoile ni onímọ̀ ewéko kan wà tí a ń pè ní Philibert Commerson. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa kó ewéko tí òyìnbó kò tíì rí rí jọ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí.

Commerson mú ọmọ ọ̀dọ̀ kan dání tí ó pe ara rẹ̀ ní Jean. Òfin ilẹ̀ Faransé kò gba obìnrin láàyè nínú ọkọ̀ ọba, ṣùgbọ́n obìnrin ni Jean. Jeanne Baret ni orúkọ rẹ̀, ọmọ tálákà láti abúlé, tí wọ́n bí ní 1740. Ó di aṣọ mọ́ àyà rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò, ó sì ń ṣe iṣẹ́ bí ọkùnrin. Òun ni ó ń ru àpótí, oúnjẹ, ìbọn àti ìdì ewé gun orí òkè, débi pé Commerson fúnra rẹ̀ ń pè é ní ẹran arẹrù òun.

Ní àárín ọdún 1767, ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí Rio de Janeiro ní Brazil. Ibẹ̀ ni wọ́n ti já ẹ̀ka igi òdòdó tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Egbò ẹsẹ̀ ń yọ Commerson lẹ́nu nínú ìrìn àjò náà, nítorí náà àwọn onímọ̀ kan gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Baret gan-an ni ó wọ inú igbó lọ já a. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò ìsọmọlórúkọ, ọ̀gá ọkọ̀ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òdòdó: Bougainvillea. Orúkọ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Brazil ń pè é tẹ́lẹ̀ kò wọ ìwé. Orúkọ ẹni tí ó ru ẹrù náà kò sì wọ̀ ọ́.

Nínú ìwé tí Bougainville kọ, ó ní erékùṣù Tahiti ni àṣírí Baret ti tú ní 1768. Nígbà tí wọ́n dé Mauritius lọ́dún náà, òun àti Commerson dúró síbẹ̀. Commerson kú ní 1773. Baret fẹ́ ọmọ ogun kan, wọ́n sì padà sí Faransé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó yí ayé ká. Ní 1785, ìjọba ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní owó ìfẹ̀yìntì. Ó kú ní 1807. Ọdún 2012, ọdún 205 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni àwọn onímọ̀ tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko kan láti Ecuador àti Peru, ìyẹn Solanum baretiae, tí ó jẹ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú ìgbá àti tòmátì.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Láti Gúúsù Amẹ́ríkà, bougainvillea dé ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ sínú ilé onígíláàsì nítorí òtútù. Láti ibẹ̀, àwọn òyìnbó amúnisìn gbé e lọ sí Índíà, sí àwọn erékùṣù Caribbean àti sí Áfíríkà. Ní 1910, ìyáàfin òyìnbó kan tí ń jẹ́ Butt rí irú kan tí ó pupa bí ẹ̀jẹ̀ ní ìlú Cartagena ní Colombia, ó sì mú un lọ sí Trinidad. Irú yìí, tí a ń pè ní Mrs Butt, wà lára àwọn tí ó tàn kálẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ olóoru.

Ní Nàìjíríà, ọgbà àwọn ará ìjọba amúnisìn ni ó ti kọ́kọ́ gbayì, ní GRA, ní ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́. Àkókò yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn baba wa ń gòkè bọ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń wọ Kano tipẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí reluwé dé ìlú yìí ní 1911, akọ̀wé, káfíńtà, òṣìṣẹ́ reluwé àti oníṣòwò tẹ̀lé e wá. Sabon Gari ni a yà sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò láti ìsàlẹ̀. Ní 1916, wọ́n dá Sábó sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn Hausa. Bí àlejò ṣe ń lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni àlejò ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun àjèjì ni kí ohun ọ̀gbìn òkèèrè di ti ilé. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí àti àgbàdo tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ, Amẹ́ríkà ni ìlú wọn. Bótujẹ̀ tí àwọn baba wa fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, Amẹ́ríkà náà ni ó ti wá. Dongoyárò tí gbogbo Kano ń sá sí abẹ́ òjìji rẹ̀, Índíà ni ìlú rẹ̀.

Bí a ṣe ń gbìn ín àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀gẹ́ gbìn ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, a ó gé ẹ̀ka tí ó ti gbó díẹ̀, tí ó sanra tó pẹ́ńsù, tí gígùn rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. A ó já ewé rẹ̀ dànù, a ó dá a sí ẹ̀gbẹ́ bọ inú iyẹ̀pẹ̀ tí ó ní yanrìn, a ó sì gbé e sí ibòòji. Ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa tutù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kún fún omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, yóò ta gbòǹgbò. Nígbà tí a bá ń ṣí i nípò, kí a gbé e tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò lágbára, ó sì tètè ń já.

Oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Ibi tí oòrùn bá ti ń ràn fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ti ń ṣe dáadáa. Omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bà á jẹ́. Bí omi bá pọ̀ fún un, ewé nìkan ni yóò máa yọ. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ díẹ̀ ni òdòdó ń jáde, nítorí náà ni ó fi máa ń tàn ní Kano lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo koríko. Ẹ jẹ́ kí orí ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún bomi rin ín, kí ẹ sì bu omi tí ó dé ìdí nígbà náà.

Ajílẹ̀ náà kò gbọdọ̀ pọ̀. Ìgbẹ́ màlúù tàbí ti ewúrẹ́ tí ó ti jẹrà, ìwọ̀nba díẹ̀, ti tó. Nígbà tí òdòdó bá rẹ̀ tán, kí ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kúrú, nítorí orí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó mìíràn ti ń yọ. Ẹ fi aṣọ tí ó nípọn wé ọwọ́, kí ẹ má sì gbìn ín sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń sáré, nítorí ẹ̀gún rẹ̀ lè fa egbò tàbí kí ara máa yún.

Àwọn kan yóò ní, “Ilé àyágbé ni tiwa, kí ni a fẹ́ gbin òdòdó onílé sí?” Èsì wa ni pé inú ìkòkò amọ̀ tàbí garawa tí a lu ìdí rẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá há díẹ̀, kò dí i lọ́wọ́ àtitanná. Bí ẹ bá sì ń kó lọ, ó ń bá yín lọ. Bí ó bá ṣe ara ògiri ni ẹ gbìn ín sí, ẹ̀ka kan péré tó láti mú un dé ilé tuntun.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀

Nínú ìtàn àwọn ẹgbẹ́ wa, orúkọ alága, akọ̀wé àti olóyè ni a sábà máa ń kọ sílẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú reluwé sílé, tí ó ń fún un ní oúnjẹ àti ẹní? Ta ni ó ń gba àjọ títí owó ilé fi pé? Ta ni ó ń bá ọmọ ọlọ́mọ sọ Yorùbá ní ojúde kí èdè wa má baà kú mọ́ wọn lẹ́nu? Àwọn ìyá wa ni. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ọdún 205 ni Baret fi dúró. Ẹ má jẹ́ kí a jẹ́ kí ti àwọn ìyá wa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, a ń rọ gbogbo ìdílé pé kí ìyá àgbà tó sùn ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ọmọ kan jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kí ó béèrè: ọdún wo ni ẹ dé? Ta ni ó mú yín wá? Ilé ta ni ẹ kọ́kọ́ sùn? Iṣẹ́ wo ni ẹ ṣe? Kí ó kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí ó sì kọ orúkọ gbogbo ènìyàn tí ìyá bá dá. Ohun tí a kò bá kọ, ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ lórúkọ fún wa.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó relé, ibi tí a ń gbé yẹ kí ó rí wa bí ẹni tí ó gbin nǹkan síbẹ̀. Kí Elédùmarè dá ẹ̀mí wa sí, kí àmọ́dún bá gbogbo wa láyọ̀. Àṣẹ.