Iṣẹ́ Olùkọ́ Lókè Òkun: Ìwé Ẹ̀rí àti Físà fún Tíṣà Nàìjíríà

Tíṣà tó bá fẹ́ kúrò ní Nàìjíríà lọ máa kọ́ni nílẹ̀ mìíràn yóò gba àṣẹ méjì. Èkíní ni ìwé tó fi hàn pé ó tó olùkọ́ lójú àwọn tó ń lọ bá. Èkejì ni físà, tí yóò jẹ́ kó lè wọ ìlú náà, kó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ jẹun níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fúnni ní méjèèjì, ọ̀kan kò sì lè rọ́pò èkejì. Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Ẹni tó rí ìwé olùkọ́ gbà á rò pé físà ti dé. Ẹni tí wọ́n sì ṣèlérí físà fún kì í béèrè bóyá iṣẹ́ tíṣà gan-an ló wà nídìí rẹ̀.

Ilé ni ètò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 1993 ló dá TRCN sílẹ̀, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ NCE, ẹni tó gba dìgírì nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti ẹni tó kọ́ nǹkan mìíràn tó wá fi ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni PGDE kún un, gbogbo wọn ló lè ṣe ìdánwò àjọ náà kí wọ́n tó gba láísẹ́ǹsì. Nílé, NCE ti tó láti sọ èèyàn di tíṣà. Lókè òkun kò tó, nítorí wọn kò kà á sí dìgírì. Olùkọ́ tó ti fi NCE kọ́ni fún ogún ọdún, tí àwọn ọmọ tó kọ́ ti di dókítà, ṣì ní láti padà lọ gba dìgírì kí England tó dá a lóhùn. Ó dunni, ṣùgbọ́n ó sàn kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n kó tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti fi san owó ìrìnnà.

England ni ojú ọ̀pọ̀ wà báyìí, ó sì nídìí. Ìwé tí wọ́n fi ń mọ olùkọ́ níbẹ̀ ni QTS. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ìjọba ibẹ̀ ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ láti Nàìjíríà, Gánà, Gúúsù Áfríkà, Sìmbábúè, Jàmáíkà, Índíà, Singapore, Hong Kong àti Ukraine. Àyè náà kò ṣí fún gbogbo ènìyàn, torí àwọn olùkọ́ tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ó ní láti jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Olùbẹ̀wẹ̀ yóò fi dìgírì hàn, yóò fi ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ hàn, yóò ní ó kéré tán ọdún ẹ̀kọ́ kan tó fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó gbàwé, yóò sì gba lẹ́tà lọ́dọ̀ TRCN pé orúkọ òun mọ́. Ọ̀fẹ́ ni bíbéèrè fún QTS. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun ń bá yín san owó QTS, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí kò tíì ní QTS kò ní láti jókòó lásán: òfin gba olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn odi láyè láti kọ́ni fún ọdún mẹ́rin ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní England kí QTS tó di dandan fún un. QTS tí à ń sọ yìí, England nìkan ló wà fún o. Skọ́tlándì ní àjọ tirẹ̀, Wélíìsì náà ní tirẹ̀.

Físà wá kù. Skilled Worker ni orúkọ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tó gbani síṣẹ́ ló sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì ìgbọ̀wọ́, orúkọ rẹ̀ a sì wà nínú ìwé tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé láti wò. Òun ló máa fún tíṣà ní ìwé ìgbọ̀wọ́. Ìwé yìí kì í ṣe ọjà: láti ìparí ọdún 2024, òfin kò gba agbanisíṣẹ́ láyè mọ́ láti di owó rẹ̀ ru òṣìṣẹ́. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Ìlú Ọba kà sí elédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà tíṣà yóò ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kí àjọ Ecctis jẹ́rìí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní yunifásítì. Yóò ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, yóò sì gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá pé òun kò dáràn rí.

Owó ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ físà yìí ni ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ ìnáwó. Láti oṣù kejì ọdún 2024, £1,035 ni lọ́dún fún àgbàlagbà kan, £776 sì ni fún ọmọdé, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni wọ́n ń gba ti gbogbo ọdún tí físà máa lò. Tọkọtaya tó ní ọmọ méjì, tí físà wọn jẹ́ ọdún mẹ́ta, yóò san £10,866 kí wọ́n tó wọ bàálù. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, owó oṣù tíṣà tuntun lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ láti £32,916 lọ́dún. Ìdá kan nínú mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ kó tó kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lè ṣáájú lọ, kí ẹbí tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ló ṣeé ṣe kó rí i gbé.

Ní Kánádà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń forúkọ olùkọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Gúúsù Kòríà ní físà E-2 fún àwọn tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọmọ orílẹ̀-èdè méje péré ló wà fún: Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Kánádà, Írẹ́láǹdì, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfríkà. Ọmọ Nàìjíríà tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti kékeré, tó tún gba oyè nínú rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìmọ̀, mi ò sì rí ìdáláre kankan fún un.

Títí di ìparí ọdún 2025, Amẹ́ríkà máa ń gba olùkọ́ láti Nàìjíríà wọlé pẹ̀lú físà J-1, fún ẹni tó ní dìgírì àti ìrírí ọdún méjì. Ọdún mẹ́ta ni, wọ́n sì lè fi ọdún kan tàbí méjì kún un. Ọ̀nà kan wà lábẹ́ físà yìí tó jẹ́ tiwa gan-an: ètò FLTA ti Fulbright, tó ti ń mú ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ kọ́ni ní èdè Yorùbá ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ń náwó rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá lọ gbọ́dọ̀ padà wá lo ọdún méjì nílé kó tó lè béèrè físà láti máa gbé níbẹ̀.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ náà ń rán olùkọ́ jáde. Ní ọdún 1987, nígbà tí Bólájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ìjọba dá Technical Aid Corps sílẹ̀, ètò tó ń rán tíṣà, dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sí àwọn ilẹ̀ bíi Gáńbíà àti Jàmáíkà fún ọdún méjì. Ilẹ̀ tó gbà wọ́n ló ń pèsè ilé, Nàìjíríà ló ń san owó àjẹmọ́nú wọn.