Pópó Àgùdà àti Orúkọ Tí Ọjà Ń Jẹ́

Ẹni tó bá gba Òpópónà Bámgbóṣé wọ Campos ti wọ àárín Pópó Àgùdà ní Èkó nìyẹn. Orúkọ àwọn ìdílé tó ti òkè òkun padà dé ni wọ́n fi sọ púpọ̀ nínú òpópónà ibẹ̀. Kí ilé-ìtajà ńlá tó yọjú ní Marínà, kí ẹnikẹ́ni tó máa polówó ọjà lórí fóònù, àdúgbò yìí ti mọ bí èèyàn ṣe ń fi orúkọ ta ọjà. Ohun tí kò tíì mọ̀ tán ni bí orúkọ náà ṣe lè di ogún.

Àwọn Àgùdà ni ọmọ ilẹ̀ yìí tí ogun àti olówò ẹrú gbé lọ sí Bràsíl àti Kúbà, tí àwọn fúnra wọn tàbí àwọn ọmọ wọn tún wá padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Bahia ní 1835 ni ìpadàbọ̀ náà gbóná. Ó tún wá pọ̀ sí i lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, tí wọ́n sì gbà á pátápátá ní 1861. Àwọn Sàró tó ti Freetown bọ̀ ló pọ̀ jù nínú akọ̀wé, oníwàásù àti àwọn tó ń bá òyìnbó dòwò pọ̀. Àwọn Àgùdà ní tiwọn gbé iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: mọlémọlé, káfíńtà, télọ̀, alágbẹ̀dẹ wúrà, obìnrin aránṣọ, alásè. Ẹni tó gbé iṣẹ́ ọwọ́ dé ìlú tí kò ti ní ẹbí púpọ̀, orúkọ tí iṣẹ́ náà bá ṣe fún un ni yóò máa fi jẹun.

Òwò orí òkun ló ṣáájú. Láti Èkó, aṣọ òfì, ọṣẹ dúdú, òrí, ataare àti obì ń lọ sí Bahia. Tábà, ọtí ìrèké àti ẹran gbígbẹ ń bọ̀. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń pe aṣọ náà ní pano da costa, wọ́n ń pe ọṣẹ ní sabão da costa, ataare sì ń jẹ́ pimenta da costa. Gbogbo rẹ̀ ń wí ohun kan náà: ọjà yìí ti etíkun ilẹ̀ baba wa wá. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ni orúkọ yẹn, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ bí òǹtẹ̀. Àwọn olórìṣà Bahia kò fẹ́ àfarawé. Wọ́n mọ aṣọ tí wọ́n hun nílé yàtọ̀, owó tí wọ́n sì ń san lé e lórí ló ń gbé ọkọ̀ kọjá òkun, títí di ìgbà tí ọkọ̀ tó ń lọ tààrà láàárín ìlú méjèèjì fi ń ṣọ̀wọ́n ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ní Òpópónà Kakawa, òwò mìíràn bẹ̀rẹ̀ tí kò nílò ọkọ̀ ojú omi. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní kékeré, kọ́ ilé síbẹ̀, ó sì gbẹ́ kànga sínú ọgbà rẹ̀. Omi yí Èkó ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ṣeé mu kò pọ̀. Àwọn aládùúgbò ń ru ìkòkò àti garawa wá sí ọ̀dọ̀ da Rocha, wọ́n ń fi owó ra omi. Báyìí ni ilé náà ṣe di Water House, orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní. Ẹ sáà wò ó: ọjà tí kò láwọ̀, tí kò ní òórùn, tí wọn kò dì sínú páálí kankan, òun ló sọ ilé di olókìkí. Ohun tí wọ́n ń rà gan-an ni ìdánilójú pé irú èyí tí wọ́n bù lánàá ni wọn yóò tún bá lọ́la.

Candido, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní Bahia ní 1860, tó sì kú ní 1959, ló mú orúkọ náà kárí Èkó. Ó ní ilé oúnjẹ, ó ń yá èèyàn lówó. Bí ẹnì kan bá ń náwó bí ẹni pé kò lópin, àwọn ará Èkó a bi í bóyá òun ni da Rocha. Wọ́n tiẹ̀ ní ìlú òyìnbó ni bàbá náà ń fi aṣọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí fún fífọ̀. Bó jẹ́ òótọ́ o, bó jẹ́ àsọdùn o, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò sí owó ìpolówó tó lè rà á. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1920 tó pé, ìjọba ti fa omi ẹ̀rọ láti Ìjú wọ Èkó, pẹ̀lú ariwo owó omi tí Herbert Macaulay àti àwọn ará ìlú bá wọn fà. Nígbà tí omi dé ẹnu ẹ̀rọ, ta ni yóò tún fi owó ra ti kànga? Orúkọ ilé kù, ọjà tó bí i ti lọ.

Ti àwọn mọlémọlé yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje 1894, wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta, Sàró tó fi òwò obì là, fi owó ara rẹ̀ kọ́ sí ibi tí a ń pè ní Òpópónà Martins lónìí. Ibi ayẹyẹ yẹn ni oyè Bey ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Sultan ilẹ̀ Turkey. Ọ̀gá tó kọ́lé náà ni João Baptista da Costa, Àgùdà. Òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yọ sára ògiri, òpó rìbìtì, fèrèsé tó ní ọ̀ṣọ́ lókè: irú rẹ̀ gan-an ló wà lójú ilé àwọn Kátólíìkì ní Campos, a sì ń rí i títí dé Ìjẹ̀bú Òde àti Iléṣà. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ni Shitta wò, kò wo ẹ̀sìn. Ilé tí mọlémọlé bá kọ́ fún ẹnì kan, òun ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò lọ wò kó tó fún un níṣẹ́. A. B. Laotan, tó kọ ìwé lórí àwọn Àgùdà ní 1943, tún dárúkọ káfíńtà kan, Balthazar dos Reis, tí tábìlì rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ níbi ìpàtẹ ńlá ti London ní 1886. Àmọ́ ta ló lè tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ da Costa tàbí ti dos Reis lónìí? Àwọn ọmọṣẹ́ wọn jogún ọnà, wọn kò jogún orúkọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tajà ní Marínà kò jọ èyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń polówó nínú ìwé ìròyìn fún ẹni tó mọ̀wé kà. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àwòrán ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà kí oníbàárà lè máa fi dá a mọ̀. Wọ́n dá UAC, ọ̀kan nínú wọn, sílẹ̀ ní 1929. Nígbà tó di 1948, Kingsway Stores ti ilé-iṣẹ́ yẹn ti wà ní Marínà, Leventis àti UTC náà wà ní Èkó, pẹ̀lú Chellarams tó ti wà níbẹ̀ láti 1923. Nínú àwọn ilé-ìtajà wọ̀nyí, wọ́n kọ iye owó mọ́ ọjà lára; kò sí pé à ń nájà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí ìyá rẹ̀ lè fi odindi wákàtí kan ná aṣọ ní Balógun, bó bá dé Kingsway, á sanwó, á gba rìsíìtì, á jáde. Ní Kérésìmesì, wọ́n á kó àwọn ọmọdé lọ wo Bàbá Kérésì. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó rán ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ilé-ìtajà ló lórúkọ.

Ẹni tó da ọ̀nà méjèèjì pọ̀ ni Shade Thomas-Fahm. Ọdún 1953 ló lọ sí ìlú òyìnbó, nọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ kọ́. Iṣẹ́ aṣọ ló wá gbà á lọ́kàn, ó sì kọ́ ọ ní St Martin's ní London. Ó padà wálé ní 1960, ó ṣí iṣẹ́ sí Yábàá, ó pè é ní Maison Shadé, ó sì wá ní ṣọ́ọ̀bù ní hòtẹ́ẹ̀lì Federal Palace. Ẹ rántí ohun tí ayé ń wọ̀ nígbà náà: lọ́wọ́ àwọn tó rí jájẹ, gáùnù láti London ni aṣọ ọ̀làjú, ìró àti bùbá sì jẹ́ aṣọ ilé. Thomas-Fahm mú aṣọ òkè, àdìrẹ àti Àkwẹ̀tẹ̀, ó fi sípù sí ìró, ó sọ gèlè di ohun tí wọ́n ti wé sílẹ̀, tí èèyàn kàn máa dé bíi fìlà. Obìnrin tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ kò nílò ẹni tí yóò bá a wé gèlè mọ́. Lójú tèmi, gèlè yẹn ju ọgọ́rùn-ún pátákó ìpolówó lọ, nítorí láti inú ohun tó ń yọ àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́nu ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ilé ọnà V&A ní London pàtẹ nípa aṣọ Áfíríkà.

Ní Balógun, tí kò jìnnà sí Pópó Àgùdà, àwọn ìyá aláṣọ ní ọgbọ́n tiwọn, òun ni mo sì kà sí èyí tó jinlẹ̀ jù. Láti àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń ṣe léèsì ní Lustenau, ìlú kékeré kan ní Ọ́stríà, ti ń tajà fún Èkó. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá oníléèsì fi ń wọ bàálù lọ bá wọn, tí wọ́n ń jókòó ti ayàwòrán, tí wọ́n ń sọ àwọ̀ àti ìrísí tí Èkó fẹ́. Òyìnbó ló ni ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ojú ìyá Èkó ló ń pinnu ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe. Aṣọ bá dé, ọjà ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí owó epo ń ṣàn ní àwọn ọdún 1970, léèsì kan gbówó lórí débi pé wọ́n pè é ní wọ́nyọ̀sí, Wọlé Ṣóyínká sì fi orúkọ náà sọ eré rẹ̀, Opera Wonyosi, ní 1977. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe aṣọ náà kò sanwó kọ́bọ̀ fún òkìkí yẹn. Nígbà tó yá, ìjọba fòfin de léèsì òkè òkun. Síbẹ̀, ọ̀nà Kùtọ́nu ló ń gbà wọlé.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníléèsì gidi, kò ní kọ́kọ́ sọ iye owó fún yín. Á tú aṣọ náà, á nà án síta kí ìmọ́lẹ̀ gba ojú ihò rẹ̀ kọjá, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí ẹ wo bí òwú ṣe so. "Ẹ fọwọ́ kàn án, mà. Ẹ má wo tèmi, ẹ wo aṣọ." Bí ẹ bá rà á, inú ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, orúkọ pílásà àti nọ́ńbà fóònù sí lára ni yóò fi í sí. Ọ̀rá yẹn á gbé ilé yín fún ọdún mẹ́ta, ẹ ó fi kó ẹ̀wà, ẹ ó fi gbé oúnjẹ òde, aládùúgbò á rí i. Bí aṣọ ẹbí bá sì délẹ̀, ẹni ọgọ́rùn-ún lè ti ọwọ́ ìyá kan ṣoṣo ra aṣọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣí, ẹni ọgọ́rùn-ún náà ni yóò ròyìn rẹ̀.

Kingsway kò rọ́jú fara da SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, àti ìjábọ́ náírà. Ilé-ìtajà tó ń gbé ọjà òkèèrè lé orí àtẹ kò lè rí owó ilẹ̀ òkèèrè rà á mọ́, àwọn ọdún 1990 sì bá a tó ti ń kógbá sílé. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù kọfí inú rẹ̀, èyí tí UAC sọ di ilé oúnjẹ Mr Bigg's ní 1986. Ilé-ìtajà ńlá The Palms ṣí ní Lẹ́kí ní 2005, Jumia àti Konga tó ń tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára dé ní 2012, Instagram àti WhatsApp sì wá sọ gbogbo ilé di ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọdébìnrin tó ń ta aṣọ lórí fóònù ní Lẹ́kí, Balógun àti Ìdúmọ̀tà ló ti ń rà á. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé oníbàárà kò lè fọwọ́ kan aṣọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ "ohun tí mo rà kọ́ ni wọ́n gbé wá" fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì ń yan pé ọjà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn kí àwọn tó sanwó.

Pópó Àgùdà fúnra rẹ̀ ń dín kù. Ní Tinúbú, ilé tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ó di ilé ọtí àti ilé oúnjẹ, tí Alfred Omolana Olaiya rà ní 1933, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Ilojo Bar, ìjọba kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án 2016 ni kátakátà wó o.

Ṣùgbọ́n Fúrẹ́jọ̀nù, oúnjẹ àwọn Àgùdà, kò tíì lọ. Ní Gúùdù Fúráìdè, àwọn ìyá ní Campos àti Lafiaji ń se ẹ̀wà rọ̀ bọ̀tọ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń da omi àgbọn sí i, wọ́n sì ń bù ú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Àwọn kan ti ń dì í sínú ike, wọ́n ń gba owó lórí fóònù ṣáájú, àwọn tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ ọjà ń gbé e kọjá afárá. Ohun tí mo fẹ́ bá àwọn wọ̀nyí sọ kò ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ. Orúkọ òwò tí ẹ fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kò dáàbò bo àmì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ike. Ọ́fíìsì àmì ọjà ní Àbújá ló ń ṣe ìyẹn, lábẹ́ òfin 1965. Ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó bá tún un ṣe á gba ọdún mẹ́rìnlá sí i, ó sì ṣeé fi sílẹ̀ fún ọmọ.