ÒÒFÀ ÀTI KÁÀDÌ BÁŃKÌ

Ní ọjọ́ kan ní àdúgbò Tudun Wada, ní ìlú Ṣókótó, ẹ̀rọ ìgbowó kọ káàdì àǹtí mi tí ó ń tajà níbẹ̀. Kíá ni àwọn tí ó tò sẹ́yìn rẹ̀ dá ẹjọ́ pé òòfà ẹnu báàgì rẹ̀ ni ó ba káàdì náà jẹ́. Ọkùnrin kan tilẹ̀ nawọ́ pé kí wọ́n gbé e wá kí òun tún un ṣe, kí wọ́n sì sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún òun. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi wádìí ìtàn káàdì báńkì.

Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1960 sí 1969, Forrest Parry, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ IBM, ń wá ọ̀nà láti lẹ téèpù, irú ti inú kásẹ́ẹ̀tì, mọ́ káàdì oníke. Ìtàn sọ pé ìyàwó rẹ̀, tí ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, ni ó dábàá pé kí ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó sì lẹ̀. Báyìí ni ìlà dúdú ẹ̀yìn káàdì ṣe dáyé. Agbára òòfà ni a fi ń kọ nǹkan sára rẹ̀. Nítorí náà, òòfà mìíràn tí ó lágbára tó lè pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n agbára ju agbára lọ. Oersted ni a fi ń wọn líle ìlà wọ̀nyí. Ti káàdì tí a fi ń ṣílẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 300. Ti ọ̀pọ̀ káàdì báńkì jẹ́ 2750 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òòfà pẹlẹbẹ ara fìríìjì kò sábà ju 100 lọ. Òòfà líle gan-an, tí a fi kàn án gbàgbà, nìkan ni ó yẹ kí a bẹ̀rù.

Ọdún 1989 ni ẹ̀rọ ìgbowó kọ́kọ́ dé Nàìjíríà, ìlà dúdú sì ni àwọn káàdì wa gbẹ́kẹ̀ lé fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe òòfà ni ó lé e kúrò nípò, bí kò ṣe àwọn olè tí ń ṣe àdàkọ rẹ̀. Nítorí wọn ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ṣe pàṣẹ pé kí àwọn báńkì yí sí káàdì oní-chip. Gbèdéke rẹ̀ sì pé ní ọdún 2010. Òòfà inú ilé kò lè pa ohun tí ó wà nínú chip rẹ́. Ní ọdún 2021, Mastercard kéde pé kò ní sí ìlà náà lára káàdì wọn mọ́ bí ó bá di ọdún 2033.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ìlà ti ń lọ, ìbẹ̀rù rẹ̀ kò lọ. Nígbà tí àǹtí mi wọ inú báńkì, òṣìṣẹ́ kan fi aṣọ gbígbẹ nu ìdọ̀tí ojú chip náà, káàdì sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í ṣe òòfà báàgì ni ewu ọjọ́ náà. Ọwọ́ tí ọkùnrin yẹn nà ni.