Kíka Òṣìṣẹ́ sí Ènìyàn: Ìtàn Èrò Kan

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1968, òjò ń rọ̀ ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ akólẹ̀ méjì, Echol Cole àti Robert Walker, sá sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ìkólẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fún pàǹtí pọ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó sì tẹ̀ wọ́n pa. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá oṣù náà, nǹkan bí 1,300 òṣìṣẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, daṣẹ́ sílẹ̀. Owó oṣù àti ẹ̀tọ́ láti ní ẹgbẹ́ ni wọ́n ń jà fún. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára pátákó tí wọ́n gbé kiri kò dárúkọ owó rárá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ènìyàn ni àwọn.

Wọ́n pa Martin Luther King, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó wá tì wọ́n lẹ́yìn, ní ìlú náà ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin. Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìjọba ìlú gbà láti bá ẹgbẹ́ wọn ṣàdéhùn.

Kí ló dé tí ẹni tó ń jà fún owó fi ń kéde pé ènìyàn ni òun? Hegel, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, ti kan ọ̀rọ̀ yìí lára nínú ìwé tó ṣe jáde ní 1807. Lójú tirẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá ara rẹ̀ mọ̀ bí ènìyàn láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á sí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ń fi agbára gba ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ ẹrú ń gba òfo, nítorí kò ka ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún un sí. Ẹrú ní tirẹ̀ ń rí ọgbọ́n ara rẹ̀ nínú ohun tó fi ọwọ́ ṣe.

Ní 1952, Frantz Fanon, òǹkọ̀wé ọmọ Martinique, dá Hegel lóhùn tagbáratagbára. Ó ní ọ̀gá tí òun mọ̀ ní ilẹ̀ tí òyìnbó gbà kò wá ọ̀wọ̀ kankan lọ́wọ́ ẹrú. Iṣẹ́ nìkan ló ń wá. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ tó mú jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Axel Honneth, onímọ̀ ọgbọ́n orí, ló wá sọ èrò Hegel di ẹ̀kọ́ kíkún ní Jámánì ní 1992. Ó ní nǹkan mẹ́ta ni ènìyàn ń retí lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn: ìfẹ́, ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin, àti iyì fún ohun tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún àwùjọ. Nancy Fraser, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kò gbà pé èyí tó. Nínú ìwé tí àwọn méjèèjì jọ kọ ní 2003, ó tẹnu mọ́ ọn pé iyì kò lè rọ́pò pípín ọrọ̀ bó ti tọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé Fraser mọ ohun tó ń sọ. Láti ìparí oṣù kẹta 2020, ní ìgbà àrùn kòrónà, àwọn ará ìlú ń jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn ní aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Ní oṣù kejìlá 2022, àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn yanṣẹ́ lódì nítorí owó oṣù. Wọ́n ti gbọ́ àtẹ́wọ́. Owó ilé àti owó oúnjẹ ló kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọni lára jù ni iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ní Brazil, Laudelina de Campos Melo, tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé onílé láti kékeré, dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀ ní ìlú Santos ní 1936. Nígbà tí ìjọba kó òfin iṣẹ́ jọ ní 1943, wọ́n yọ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀. Ó di 2013 kí àtúnṣe òfin tó fún wọn ní wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ bíi ti òṣìṣẹ́ yòókù. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn ni ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ náà, Uruguay ló sì kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gbà á. Ní 2021, àjọ náà ṣírò pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ní mílíọ̀nù 75 káàkiri ayé, obìnrin ló pọ̀ jù, àti pé nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ni ààbò òfin iṣẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.