Oúnjẹ afúnnilókun

Nílé ẹ̀kọ́ ní Adja-Ouèrè, ní orílẹ̀-èdè Benin, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni, glucides sì ni wọ́n ń pe irú oúnjẹ yìí. Ìwé Yorùbá ń pè é ní oúnjẹ afúnnilókun: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu, gàrí, àwọn ohun tí oko ibẹ̀ mọ̀ dáadáa.

Okun yìí kì í ṣe òkun tí ọkọ̀ ń gbà, kì í sì í ṣe agbára lásán. Ẹni tó gbé àpò àgbàdo sórí lẹ́ẹ̀kan ní agbára. Ẹni tó ń kọ ebè láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, tí kò dẹwọ́, òun ló ní okun. Ohun tí eléré ìdárayá ń wá nìyẹn.

Ara máa ń tọ́jú ohun tó rí nínú oúnjẹ yìí pa mọ́: nǹkan bí 100 gíráàmù sínú ẹ̀dọ̀, nǹkan bí 400 sínú iṣan. Eré tó le lè fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó tán láàárín wákàtí méjì. Ní 1966, àwọn olùwádìí méjì ní Sweden, Jonas Bergström àti Eric Hultman, fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wa kẹ̀kẹ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ oúnjẹ afúnnilókun. Ohun tí ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ tọ́jú tó ìlọ́po méjì ti ẹsẹ̀ tó sinmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù, ẹ má jẹ́ kí ebi bá wọn dé pápá. Ẹ fún wọn ní ẹ̀kọ tàbí iṣu ní bíi wákàtí mẹ́ta ṣáájú eré.